Ta ló yẹ kó sọ pé ọmú tí wọ́n tún mọ dára? Àlàyé lórí àbọ̀ láti ẹnu aláìsàn

Obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ gé ọmú rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ń ronú bóyá kí wọ́n bá òun mọ òmíràn sí ipò rẹ̀. Ó ka ìròyìn ìwádìí kan, ó sì rí i níbẹ̀ pé àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ gba 65 nínú 100 lórí bí ọmú wọn ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí. Àyà rẹ̀ já, nítorí ó rò pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, márùndínlógójì ń kábàámọ̀. Ẹlòmíràn ka ìròyìn kan náà, ó ní kò burú, ẹni tó bá gba 65 nínú ìdánwò ti yege. Àwọn méjèèjì ló ṣì í kà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì lè fi àṣìkà yìí pinnu ohun tí ara wọn yóò gbé títí ọjọ́ ayé wọn.

Ohun tó mú mi kọ àlàyé yìí nìyẹn. Irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ nínú ìròyìn ìwádìí báyìí, àwọn dókítà náà sì ti ń mẹ́nu bà á nígbà tí wọ́n bá ń bá aláìsàn jíròrò, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni jókòó ṣàlàyé ibi tó ti wá àti bí a ṣe ń kà á. Ó dùn mí, nítorí pé ẹnu àwọn obìnrin gan-an ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kó padà dé etí àwọn obìnrin ní ọ̀nà tí yóò yé wọn.

Kí ni à ń pè ní àtúnmọ ọmú?

Bí wọ́n bá gé ọmú kúrò nítorí jẹjẹrẹ, tàbí nítorí pé ewu jẹjẹrẹ pọ̀ nínú ìran ẹni, dókítà oníṣẹ́ abẹ lè mọ ìrísí ọmú padà sórí àyà, bí amọ̀kòkò ṣe ń fi amọ̀ mọ ìkòkò. Èyí ni n óò máa pè ní àtúnmọ ọmú. Ìrísí ni wọ́n ń mọ. Ọmú tí wọ́n mọ kò lè ṣe wàrà, lọ́pọ̀ ìgbà ni kì í sì í mọ ìfọwọ́kàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí pé àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ti bá ọmú àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Ọ̀kan ni lílo àpò sílíkónì, ìyẹn àpò rírọ̀ tí jẹ́ẹ̀lì sílíkónì tàbí omi oníyọ̀ kún inú rẹ̀. Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi àpò oníjẹ́ẹ̀lì sí àyà obìnrin ní ọdún 1962. Nígbà mìíràn, awọ àyà tó ṣẹ́ kù kì í tó láti bo àpò náà, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ ki àpò òfìfo kan bọ abẹ́ awọ tàbí abẹ́ iṣan àyà, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ fi omi oníyọ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí awọ yóò fi fẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi àpò gidi pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni lílo ara obìnrin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á gé awọ àti ọ̀rá, lọ́pọ̀ ìgbà láti ìsàlẹ̀ ikùn, wọ́n á gbé e wá sí àyà, wọ́n á sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá rán iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti àyà kí ó má baà kú. Ọ̀nà kìíní kì í pẹ́ tó èkejì lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Èkejì ń gba wákàtí púpọ̀, ó sì ń dá ọgbẹ́ sí ojú méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọgbẹ́ kejì yẹn sọ́kàn, a óò padà bá a.

Kí ni àbọ̀ láti ẹnu aláìsàn?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dókítà nìkan ló ń sọ bóyá iṣẹ́ náà dára. Yóò ka iye àwọn tí ojú abẹ wọn kẹ̀, iye àwọn tí wọ́n ní láti yọ àpò wọn kúrò, iye àwọn tó padà sórí tábìlì. Yóò ya àwòrán àyà, yóò sì fi rúlà wọ̀n ọ́n bóyá ọmú méjèèjì dọ́gba. Kò sí èyí tí kò wúlò nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ lè dúró níwájú aṣọ tó rán kó ní ó gún régé, kó jẹ́ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ló mọ̀ pé abíyá ń fún òun.

Ẹ jẹ́ ká súnmọ́ ọn wò. Obìnrin kan tí àpò rẹ̀ wà lábẹ́ iṣan àyà na ọwọ́ láti ti ilẹ̀kùn tó wúwo. Bí iṣan náà ṣe sún kì báyìí, ọmú tí wọ́n mọ fò sókè, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ aṣọ, lójú ẹni tó dúró tì í. Nínú àwòrán tí dókítà yà nígbà tó dúró jẹ́ẹ́ tó sọ ọwọ́ sílẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe ọmú yẹn. Òmíràn gbé rọ́bà omi gbígbóná lé àyà ní alẹ́ ọjọ́ tí òtútù mú, oorun gbé e lọ, àárọ̀ ló tó rí i pé awọ ọmú náà ti bó, nítorí pé kò mọ ooru náà lára rárá. Rúlà kò lè wọn irú nǹkan báyìí. A ní láti bi í ni.

Bíbi í yìí, tí a sì gba ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ni àbọ̀ láti ẹnu aláìsàn. Nígbà tí FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé ìlànà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2009, ohun tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ ni àbọ̀ lórí ipò ìlera tó ti ọ̀dọ̀ aláìsàn wá tààrà, láìsí pé dókítà tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn bá a túmọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ìparí gbólóhùn yẹn ló wúwo jù. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé, “Ṣé ara ti le?”, tí obìnrin náà fèsì pé, “A dúpẹ́,” tí nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara aláìsàn ti yá, àbọ̀ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Obìnrin náà kò tíì jábọ̀.

Báwo ni ohun tí ènìyàn ń rò ṣe ń di òǹkà?

Ìwé ìbéèrè tó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni BREAST-Q. Andrea Pusic, tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ, àti àwọn olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Anne Klassen àti Stefan Cano wà lára wọn, ló ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009. Wọn kò kàn jókòó sínú yàrá kan kí wọ́n máa ro ìbéèrè jọ. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ lọ, wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ìbéèrè.

Ìwé náà kò ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Apá kan wà fún bí ọmú ṣe tẹ́ obìnrin lọ́rùn sí, apá kan fún ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìgboyà rẹ̀ láàárín ènìyàn, apá kan fún ìbálòpọ̀, apá kan fún ìrora àti ìnira àyà. Apá ti ikùn wà fún àwọn tí wọ́n gé ara ikùn wọn, apá mìíràn sì ń béèrè bóyá wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ náà fún un dáadáa. Òǹkà kọ̀ọ̀kan dá dúró. Wọn kì í rò wọ́n pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kò ṣe ní ro gíga rẹ̀ mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé BREAST-Q òun jẹ́ 70 kò tíì sọ nǹkan kan fún wa, àfi tó bá sọ apá tó ti gba 70 náà.

Ẹ wá wo bí òǹkà ṣe ń jáde. Ìbéèrè kan lè jẹ́ lórí bí àyà ṣe rí nínú dígí nígbà tí obìnrin wọṣọ, òmíràn lórí bó ṣe rí nígbà tí kò sí aṣọ lára rẹ̀, yóò sì mú ìdáhùn kan láàárín “kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá” àti “ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an”. Ìbéèrè méjèèjì kò wúwo bákan náà. Ẹ fi í wé ẹrù gbígbé: bí a bá rí ẹni tó gbé àpò ńlá kúrò nílẹ̀, a ti mọ̀ láì bi í pé yóò gbé kékeré. Obìnrin tí ara rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn níwájú dígí láìwọṣọ, ó ṣòro kó jẹ́ pé ìgbà tó wọṣọ ni yóò máa ráhùn. Ìṣirò tó wà lẹ́yìn ìwé náà mọ ibi tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wà lórí àkàbà yìí, láti orí èyí tó rọrùn dé èyí tó le, òun ló sì ń fi ìdáhùn obìnrin kan wá àtẹ̀gùn tó wà láàárín 0 àti 100. Bí òǹkà bá ṣe ga sí ni ó dára sí.

65 wá túmọ̀ sí kí ni?

Àtẹ̀gùn kan lórí àkàbà ni. Kò sọ iye ènìyàn tí inú wọn dùn, kò sì sọ iye tó ń kábàámọ̀. Kò sì sí ilà kan tí a fà sí 50 tàbí 40 pé ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ti fìdí rẹmi.

Kí a tó lè mọ̀ bóyá 65 ga tàbí ó kéré, a ní láti mọ ibi tí àwọn obìnrin mìíràn wà. Ní 2017, àwọn olùwádìí tẹ àbọ̀ kan jáde lórí àwọn obìnrin tó lé ní 1,200 ní Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ ọmú kò mú rí, tí wọ́n sì dáhùn àwọn ìbéèrè kan náà. Lórí bí ọmú ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí, bí a bá pa òǹkà gbogbo wọn pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, 58 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó wọlé: ọmú tí wọ́n gbé wá sáyé náà ni o, tí wọn kò gé, 58 ni wọ́n fún un. Lórí ìbálòpọ̀, 56 ni. Lórí ìfọ̀kànbalẹ̀ láàárín ènìyàn, 71. Àmọ́ lórí ìrora àti ìnira àyà, ó gòkè dé 93, nítorí pé àyà kì í sábà ro ẹni tí wọn kò fi abẹ kàn níbẹ̀.

Ibi tí òǹkà kan náà ti ń sọ ọ̀rọ̀ méjì nìyí. Obìnrin tó gba 75 lórí bí ọmú rẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn sí ti kọjá ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ṣàìsàn rí wà. Bí obìnrin yẹn kan náà bá gba 75 lórí ìrora àti ìnira àyà, ó ti jìnnà púpọ̀ sí 93, ó sì yẹ kí ẹnì kan tẹ́tí sí i kíá. Ẹni tó bá fi ojú máàkì ilé ìwé wo àwọn òǹkà méjèèjì yìí yóò kí i kú oríire lórí méjèèjì.

Ìbéèrè mìíràn ni bí ìyàtọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tó kí obìnrin tó mọ̀ ọ́n lára. Ìwádìí kan ní 2020 fi hàn pé nǹkan bíi 4 ló yẹ kó jẹ́ lórí ìtẹ́lọ́rùn, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìbálòpọ̀, àti nǹkan bíi 3 lórí ìnira àyà. Bí ìròyìn bá sọ fún yín pé irú àpò kan fi 1 tàbí 2 ju òmíràn lọ, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ ìpinnu yín.

Kí ni àwọn obìnrin ti sọ?

Ọ̀kan nínú ìwádìí tó tóbi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní MROC, tí ilé ìwòsàn 11 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ ṣe láti 2012. Kí wọ́n tó fi abẹ kan obìnrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún un ní ìwé ìbéèrè, wọ́n sì tún fún un lẹ́yìn rẹ̀ léraléra. Nínú àbọ̀ ọdún kejì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, obìnrin 2,013 ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Àwọn tí wọ́n fi ara wọn mọ ọmú fún fi nǹkan bíi 8 ju àwọn tó gba àpò lọ lórí bí ọmú ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí, wọ́n fi ohun tó lé ní 5 jù wọ́n lọ lórí ìbálòpọ̀, àti nǹkan bíi 3 lórí ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ gbé e lé orí 4 tí a mẹ́nu bà: méjì àkọ́kọ́ kọjá ohun tí ènìyàn lè mọ̀ lára, ẹ̀kẹta kò tó o.

Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò ní kí gbogbo obìnrin lọ fi ara ikùn mọ ọmú. Ṣùgbọ́n mo ní ká fi ọgbẹ́ kejì sọ́kàn. Nínú àbọ̀ ọdún kìíní ìwádìí kan náà, àwọn tí wọ́n gé ara ikùn wọn sọ pé ikùn náà kò tíì padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Dídìde láti orí ibùsùn, gbígbé ọmọ nílẹ̀, jíjókòó pẹ́: ohun tí ikùn ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ láìjẹ́ pé a kíyè sí i ni wọ́n fi ń san owó ọmú náà. Obìnrin tó ń fi agbára ara rẹ̀ jẹun lè wo 8 yẹn kó ní òun kò fẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ìjàmbá iṣẹ́ abẹ náà wà níbẹ̀. Nínú obìnrin 2,343 tí ìwádìí yìí tẹ̀ lé fún ọdún méjì, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta, 32.9 nínú ọgọ́rùn-ún gan-an, ló ní ìṣòro kan tàbí òmíràn, 19.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìṣòro tó mú wọn padà sórí tábìlì, ọmú tí wọ́n mọ fún 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún sì bàjẹ́ pátápátá. Ìtọ́jú onítànṣán, ìyẹn títan ìtànṣán sí ara láti pa jẹjẹrẹ, ń yí ọ̀rọ̀ padà sí i, nítorí ó ń jẹ́ kí ara tó yí àpò ká le kó sì fún. Láàárín àwọn tí wọ́n tan ìtànṣán sí, 38.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba àpò ló ní ìṣòro láàárín ọdún méjì, 25.6 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ti àwọn tí wọ́n fi ara wọn mọ ọ́n fún. Bí dókítà jẹjẹrẹ bá ti sọ pé ìtànṣán ń bọ̀, àfi kí oníṣẹ́ abẹ gbọ́ kí ó tó gbé ètò kankan kalẹ̀.

Kí ló lè mú òǹkà ṣì wá lọ́nà?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé wọn kò ṣẹ́ kèké fún àwọn obìnrin MROC. Kálukú ló bá dókítà rẹ̀ yan ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀rá ikùn rẹ̀ kò tó kò lè fi í mọ ọmú, ẹni tí àìsàn mìíràn ń bá fínra kò lè fara da wákàtí gígùn lórí tábìlì. Àwọn olùwádìí máa ń ṣe ìṣirò láti bo irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣèrànwọ́, àmọ́ kò lè sọ ẹgbẹ́ méjì tí kò rí bákan náà di ọ̀kan.

Òmíràn ni àwọn tí kò dá ìwé padà. Bí wọ́n bá fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún obìnrin ní ọdún kejì, tí ọgọ́ta dáhùn, kí ló dé tí ogójì dákẹ́? Ó lè jẹ́ pé ara wọn ti dá, wọ́n sì ti bá iṣẹ́ wọn lọ. Ó lè jẹ́ pé inú ń bí wọn, wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn náà mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti padà. Ìwádìí tí kò bá sọ iye àwọn tó dákẹ́ ti fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa.

Èyí tó ń wú mi lórí jù ni pé ọ̀pá tí obìnrin fi ń wọn ara rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni, ó lè má rí ọmú rò rárá, kí ẹ̀mí òun ṣáà wà ni. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ẹ̀mí ti balẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí dúró pẹ́ níwájú dígí, àpá tí kò rí nígbà yẹn wá hàn kedere sí i. Òǹkà rẹ̀ lè wálẹ̀ nígbà tí ọmú náà kò yí padà rárá. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: ara ti mọ́ ẹlòmíràn, ohun tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀ kò jọ ọ́ lójú mọ́. Irọ́ kọ́ ni ìkankan nínú méjèèjì. Ayé obìnrin náà ló ti yí padà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ àtúnmọ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ obìnrin ń jẹ́ kí àyà wọn wà ní pẹrẹsẹ lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú, BREAST-Q sì ní ìwé tirẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà tó pé ni, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pa tì láìparí, ó sì yẹ kí dókítà gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù láì jẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀.

Báwo ni obìnrin tó ń múra iṣẹ́ abẹ ṣe lè lo gbogbo èyí?

Ẹ bi dókítà yín bóyá ilé ìwòsàn rẹ̀ ń gba àbọ̀ láti ẹnu àwọn aláìsàn tirẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n rí níbòmíràn lè má jẹ́ ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ ń mú jáde. Bó bá dá òǹkà fún yín, ẹ béèrè apá ìwé tó ti wá, ìgbà tí wọ́n gbà á lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti iye àwọn tó dáhùn. Òǹkà oṣù mẹ́ta kò lè dúró fún ti ọdún méjì. Ojú abẹ ṣì lè máa wú nígbà yẹn, orí ọmú lè má tíì sí níbẹ̀, ẹlòmíràn sì ṣì lè máa retí kí wọ́n pààrọ̀ àpò òfìfo.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ti ro èyí tó ṣe pàtàkì jù sí yín nínú àwọn apá tí a kà wọ̀nyẹn, kí ẹ sì sọ ọ́ síta. Ẹni tó sọ pé, “Mo fẹ́ kí ikùn mi lágbára bó ṣe wà,” àti ẹni tó sọ pé, “Mo fẹ́ kí ó rọ̀ bí ara mi,” kò ní gba ìmọ̀ràn kan náà lẹ́nu dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì gbé ìwé náà lé yín lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé abẹ, ẹ jókòó tì í, ẹ dáhùn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, títí kan ìbéèrè lórí ìbálòpọ̀ tí ojú lè máa ti ènìyàn láti fọwọ́ kàn. Bí ojú kò bá ríran tàbí tí ìwé kò bá yé, kí ẹni tí kò sí lára àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà kà á fún yín, kí ó sì fi àmì sí ìdáhùn tí ẹ bá mú láìdá sí i. Òǹkà ọjọ́ yẹn ni wọn yóò gbé ti ọdún kejì tì. Bí kò bá sí i, ìrántí nìkan ni yóò kù, ìrántí ẹni tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ohun tó mọ̀ nígbà tí ọmú náà ṣì wà.